Àkọ́tà Gàníyù Oníkọmpurẹ́sọ̀

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó di àlejò. Ọjọ́ orí mi ti kọjá ti ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní bí a ṣe ń sọdá títì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kì í wo ewú. Kétu ni mo ti wá, Kétu tí ó wà ní òdìkejì ẹnubodè, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún, Faransé ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé títí irun mi fi funfun. Nígbà tí ọkọ mi kú, ọmọ mi obìnrin, Múlíkà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ọ̀tà, ní kí n wá máa bá òun gbé. Mo di aṣọ díẹ̀, mo sì di àpótí irinṣẹ́ ọkọ mi mọ́ ọn. Káfíńtà ni. Èmi ni mo máa ń bá a fi sáńpépà ha igi lọ́jọ́ tí kò bá sí ilé ìwé, ọwọ́ mi sì ti mọ iṣẹ́ náà. N kò lè fi ayùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa dógùn-ún.

N kò ní í sọ ti ọ̀nà tí mo gbà dé. Ọ̀nà kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìlú ni ó ṣe mí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yà mí lẹ́nu ni òórùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti apá kan fẹ́, òórùn ọṣẹ ni a máa ń gbọ́ ní gbogbo Ojú Ọrẹ, àdúgbò tí a ń gbé. Bí ó bá yí padà, ó di ti bisikíìtì. Nígbà mìíràn ó máa ń jẹ́ ti ike tí ń yọ́, orí a sì máa fọ́ mi títí di ìrọ̀lẹ́. Múlíkà ní òun kò gbọ́ òórùn kankan mọ́. Mo wò ó, àánú ṣe mí.

Ohun kejì ni pé wọn kò gbà pé Yorùbá ni mo ń sọ. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, ẹ bá mi wọn ata díẹ̀," obìnrin aláta gbé orí sókè, ó ní, "Màmá, ṣé Ègùn ni yín?" Mo fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé n kì í ṣe Ègùn, pé bí mo bá tilẹ̀ jẹ́ Ègùn kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, pé Kétu àti Ọ̀yọ́, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó bu ata sínú ọ̀rá fún mi, ó ní, "Ẹ kú ilé o, Màmá Ègùn."

Ohun kẹta ni ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tí kò bá gbé Ọ̀tà rí yóò rò pé irọ́ ni mo ń pa, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù kì í dákẹ́ lójú títì. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, gbogbo àgbàlá wa á tú lọ sí ilé iṣẹ́: èyí sí ibi irin, èyí sí ibi ọtí, Múlíkà sí ibi ike. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fárídà, á lọ sí ilé ìwé. Á wá ku èmi àti adìyẹ onílé. Ní Kétu, n kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà kí akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan má kúnlẹ̀. Níhìn-ín, adìyẹ ni mo ń kí.

Ìdánìkanwà yẹn ni ó jẹ́ kí n ṣí àpótí ọkọ mi. Mo kan àga kékeré kan fún Fárídà. Ọmọ aládùúgbò rí i, ó sunkún títí mo fi kan tirẹ̀. Obìnrin kan tí ó ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní ọ̀nà Ìjù wá kí ìyá ọmọ náà, ó jókòó sórí àga ọ̀hún pẹ̀lú bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó, àga náà kò sì dún. Ó béèrè ẹni tí ó kàn án. Kí ó tó lọ, ó ti ní kí n bá òun ṣe àga àti tábìlì fún odindi yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, kí ó sì délẹ̀ kí táàmù tuntun tó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kí ọ̀dà rẹ̀ máa dán o, Ìyá Tíṣà," ni ó wí. "N kò fẹ́ èyí tí ojú búrọ́ọ̀ṣì máa hàn lára rẹ̀."

Ìyá Tíṣà. Mo tún un sọ fún adìyẹ onílé.

*

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà. Bí a bá fẹ́ kí ọ̀dà dán lára igi, fífọ́n ni a ń fọ́n ọn, a kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ìbọn kékeré kan wà tí a ń rọ ọ̀dà sí, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tì í jáde. Kọmpurẹ́sọ̀ ni ẹ̀rọ tí ó ń fa afẹ́fẹ́ náà, tí ó sì ń kó o pa mọ́ sínú àgbá irin. Òun náà ni àwọn fọganáísà fi ń fẹ́ táyà létí títì, ṣùgbọ́n tiwọn tóbi. Èyí tí mo nílò ni kékeré tí ó ní ẹsẹ̀ táyà, tí obìnrin tó ti dàgbà lè fà láti ẹ̀yìnkùlé wọ ilé bí òjò bá ṣú.

Mo pe àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́ ní Kétu láti sọ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tún ń ra irin sí ní ìlú onílùú? Yàrá yín ṣì wà níbí. Mo ń gbá a lójoojúmọ́."

"Àga ọmọdé ni mo fẹ́ ṣe, Àbẹ̀kẹ́."

"Ṣé kò sí ọmọdé ní Kétu ni?"

Mo ní káàdì mi ti ń tán.

*

Sángo ni mo lọ, ní òwúrọ̀ kùtù. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ tòkunbọ̀ nìkan ni wọ́n ń tà, ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan tí ó wọ fìlà pẹlẹbẹ ń fi ọ̀pá rọ́bà kan fẹ́ eruku kúrò lára ọjà rẹ̀. Bí ó ti rí mi, ó pa ẹ̀rọ tí ó ń lò, ó sì sáré pàdé mi bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé.

"Ìyá mi, ẹ káàbọ̀! Gàníyù lorúkọ mi. Ẹ̀yin lẹ máa ṣí ọjà fún mi lónìí. Orí yín á dára fún mi."

Mo sọ ohun tí mo ń wá. Ó fi ọ̀kan hàn mí. Àgbá rẹ̀ pupa fòò, ó ń dán bí àbẹ́là, ó ní ẹsẹ̀ táyà méjì àti ọwọ́ tí a fi ń fà á. Mo ná an títí ó fi gbà, mo sì ní kí ó tàn án kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Há, Màmá, iná ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ mi sì wà lọ́dọ̀ rewáyà tó ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ṣé èyí jọ nǹkan tí kò ní í ṣiṣẹ́?"

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ̀rọ lójú mi ni, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn. Mo ní kò burú, n ó rìn síwájú díẹ̀, bí iná bá dé n ó padà wá. Ojú rẹ̀ yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbá àyà mú.

"Ìyá mi! Àkọ́tà! Ẹ ti ná an, ẹ wá fẹ́ kúrò? Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ẹ fẹ́ ba gbogbo òní jẹ́ fún mi ni?"

Ẹni tí ó bá ti nájà rí mọ̀ pé òótọ́ ni ó sọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ná ọjà ní òwúrọ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ òfo. Bí ó bá kúrò, wọ́n gbà pé ó ti fi ẹsẹ̀ òfo tẹ iwájú ṣọ́ọ̀bù náà, gbogbo oníbàárà tó kù yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa ní Kétu. Ìyá mi ń ta epo. Mo ti rí ibi tí ó ti ń ta àkọ́tà ní ẹ̀dínwó kí oníbàárà má bàa lọ bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí láti kúrò. Mo rà á.

Kí ẹ kíyè sí i: ẹ̀kọ́ ilé ni ó fi mú mi. Bí n kò bá ní ẹ̀kọ́ ilé, kì bá tí rí mi mú.

*

Nílé, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, n kò ní í parọ́ mọ́ ọn. Ó kígbe, ó gbọ̀n, gééjì tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gòkè. Fárídà jókòó lé orí àgbá náà bí ẹni gun ẹṣin, ó ń rẹ́rìn-ín nítorí gbígbọ̀n rẹ̀. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo fọ́n ọ̀dà ofeefee sára àga àkọ́kọ́, omi pupa bíi tíì sì tú jáde mọ́ ọ̀dà, ó ta tò-tò sára igi. Nígbà náà ni mo gbọ́ ìró kan lábẹ́ àgbá, ṣííí, bí ejò tí kò yára.

Mo pa á, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo fi èékánná ha ọ̀dà tó wà nísàlẹ̀, ó sì ṣí kúrò bí èèpo ẹyin. Wọ́n ti jó irin pẹlẹbẹ kan lé ojú ihò tí ìpẹtà jẹ, wọ́n fi pọ́tì dí i, wọ́n sì fọ́n ọ̀dà pupa bò ó. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́ inú irin kì í ṣe ohun eré. Bí irú àgbá bẹ́ẹ̀ bá bẹ́, ohun tí yóò ta sára ògiri kì í ṣe ọ̀dà.

Mo wo ibi tí Fárídà jókòó sí.

*

Nígbà tí mo gbé e padà, Gàníyù kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ta ló ní kí ẹ ha á? Ọjà tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ti kúrò náà nìyẹn."

"Gàníyù, o lẹ irin bo ihò àgbá, o sì mọ̀ pé o lẹ̀ ẹ́. Ọmọ kékeré jókòó lórí rẹ̀."

"Ta ló gbé ọmọ lé ẹ̀rọ lórí? Èmi ni?" Ó yíjú sí àwọn tó ń kọjá. "Ẹ gbọ́ o! Ègùn kan ra kọmpurẹ́sọ̀, ó sọ ọ́ di ẹṣin!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ni ó bá bọ́ ẹ̀kọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni bọ́ bàtà. "Ìwọ ìyá yìí, gbé e padà sí Kútọnu tí o ti wá. Ibí kì í ṣe ìlú yín."

Ó sọ "ìwọ" fún mi. Ọmọ tí mo lè kọ́ ní á-bí-dí.

Obìnrin kan wà ní òdìkejì tí ó ń ta rọ́bà, gééjì, skúrú àti nọ́ọ̀tì. Ìyá Súkúrà ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ọ̀tà pátápátá. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí kan fún mi láti jókòó, ó fún mi lómi tútù.

"Ẹ má dá a lóhùn, Màmá. Ta ló ń sọ pé ibí kì í ṣe ìlú ta ni? Ará Ìkirè ni. Òun náà, mọ́tò ló gbé e wá. Ojú mi ló ṣe dé pẹ̀lú ẹyọ àpò kan."

Mo fa ẹ̀rọ náà padà sílé. Mo pe Àbẹ̀kẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sì ṣe àṣìṣe pé mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sunkún fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó. Ẹ wálé. Ní Kétu, ta ló máa sọ 'ìwọ' fún yín?"

Mo di àpótí irinṣẹ́ ọkọ mi lóòótọ́. Mo ti ń fi okùn dì í nígbà tí ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn, mo sì dúró. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn padà sílé. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà, ó yẹ kí ó jẹ́ ẹsẹ̀ mi ni ó gbé mi lọ. Bí mo bá lọ báyìí, ẹnu Gàníyù ni yóò ti lé mi, àti ní ọjọ́ ogbó mi ní Kétu, lábẹ́ igi ọ̀pẹ tí mo gbìn fúnra mi, ibi tí ọkùnrin yẹn ní kí n wà ni n ó wà. Mo tú okùn náà.

N kò na ọmọ kankan rí nígbà tí inú bá ń bí mi. Bí ọmọ kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, mo máa ń ní kí ó tún un ṣe. Bí kò bá tún mọ̀ ọ́n, á tún un ṣe ní ọ̀la. N kì í pariwo. Kì í rẹ̀ mí. Ní Kétu, àwọn ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ ṣì ń ṣàtúntò kọ́là aṣọ wọn bí wọ́n bá rí mi.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kété lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo gbé ọ̀kan nínú àga kékeré mi dání, mo mú igbá omi ọṣẹ kan, mo sì lọ jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Gàníyù. Nígbà tí ó dé, mo kí i dáadáa.

"Gàníyù, o jí bí? Mo wá ra kọmpurẹ́sọ̀."

Ó wò mí. Ó rò pé mo ti gba kámú, pé mo fẹ́ ra òmíràn. Kì í ya àwọn tó ń tan ni jẹ lẹ́nu pé ènìyàn gọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn. Mo ní kí ó fi èyí tó wà ní igun hàn mí; ó fà á jáde. Mo ní kí ó tàn án. Iná wà, kò sí àwáwí. Nígbà tí gééjì gòkè, mo fi ìka bọ omi ọṣẹ, mo sì fi pa gbogbo oríkèé rẹ̀ lára. Ìfófòó yọ ní ibì kan, ó ń wú bí ẹnu akàn. Mo béèrè iye tó ń tà á. Ó sọ. Mo ná an. Ó gbà.

Mo nu ọwọ́ mi. Mo ní, "O ṣeun, Gàníyù. N ó lọ rò ó wò."

Mo gbé àga mi, mo lọ.

Ní ọ̀la mo padà. Ní ọ̀tunla náà. Ó fẹ́ kọ̀ mí, ó ní òun kò tà fún mi, mo sì bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé o fẹ́ lé ẹni tó wá ṣí ọjà fún ọ ni?" Ó mọ̀ pé lílé àkọ́tà burú ju kí àkọ́tà máà rà lọ. Ó yí ìgbà tí ó ń ṣílẹ̀kùn padà. Ó pẹ́ dé, èmi náà jókòó pẹ́. Ó tètè dé, ó bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ mi. Ó sá lọ bá Ìyá Súkúrà pé kí ó jọ̀wọ́ ra ohunkóhun lọ́wọ́ òun kí n tó débẹ̀, bó ṣe skúrú kan.

Ìyá Súkúrà ní, "Gàníyù ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ fi skúrú ṣe? Skúrú ni mo ń tà."

Kò pẹ́ tí gbogbo ọ̀nà náà fi mọ̀. Bí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á kígbe, "Gàníyù, tíṣà ẹ ti dé o! Ṣé o ti ṣe àmúrelé?" Wọ́n á gbé tíì fún mi. Àwọn kan tilẹ̀ ń mú oníbàárà wọn wá kí n lè kọ́ wọn bí a ṣe ń fi omi ọṣẹ wo àgbá. Mo kọ́ wọn. Ọkùnrin gíga kan ti ń tọwọ́ bọ àpò láti ra ọ̀kan lọ́wọ́ Gàníyù nígbà tí ìfófòó funfun yọ lábẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo wa. Ọkùnrin náà da owó rẹ̀ padà sápò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

"Màmá, mo máa pe ọlọ́pàá fún yín!"

"Pè wọ́n. Sọ fún wọn pé ìyá àgbà kan ń ná ọjà."

Bóyá òótọ́ ni pé àkọ́tà tó bàjẹ́ ń ba ọjà jẹ́, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Gàníyù gbà á gbọ́. Bí oníbàárà bá kọjá láìwọlé, èmi ni. Bí òjò bá rọ̀, èmi ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ páálí tó sì ṣubú, èmi náà ni, mo ti wà nílé nígbà yẹn, mo ń jẹ ẹ̀bà.

Àwọn àgbà ní kí a fi ẹ̀san fún Ọlọ́run. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, n kò sun oorun tó dùn tó ti àkókò yẹn. Mo ń jí kí ààgo tó dún. Mo ń rìn gba Sángo kọjá, àwọn ènìyàn ń kí mi lọ́tùn-ún lósì, ibi tí mo ń lọ sì dá mi lójú. Múlíkà ní ara mi ti yá. N kò sọ oògùn tí mo ń lò fún un.

Ohun kan ṣoṣo ni ó ń kọ mí lóminú. Àga àti tábìlì ti pé nílé, ihòòhò ni wọ́n wà, táàmù tuntun sì ń sún mọ́lé. Obìnrin onílé ìwé ti béèrè lẹ́ẹ̀kan. Bí Gàníyù bá lè fara dà á jù mí lọ, èmi ni n ó pàdánù.

*

Gàníyù ni kò lè fara dà á. Ó mú Ìyá Súkúrà dání, wọ́n wá bá mi nílé ní Ojú Ọrẹ, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú eruku igi.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ wá mú èyí tó bá wù yín nínú ọjà mi, ẹ dá tọ̀hún padà. Ẹ ṣáà má jókòó síwájú mi mọ́."

Mo ní kí ó dìde, ilẹ̀ kò mọ́. Mo ní, "Gàníyù, a kì í bú ènìyàn ní gbangba kí a wá bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ ni kí o ti ṣa á. Ó dàárọ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ọ̀nà ti jáde. Múlíkà gbààyè níbi iṣẹ́, ó bá mi gbé kọmpurẹ́sọ̀ ọjọ́sí wá, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé wa, nítorí ẹ̀rọ tí jẹnẹrétọ̀ ẹni kò bá lè tan, ọ̀ṣọ́ yàrá ni. Gàníyù ti to ọjà rẹ̀ síta, gbogbo wọn pupa, wọ́n ń dán. Ó dọ̀bálẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ forí jì mí. Mo ṣì sọ." Mo jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo kọjá lára àwọn ẹ̀rọ pupa náà láìwò wọ́n. Mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, táyà rẹ̀ ti gbó, tí òróró ti bo orí rẹ̀. Òun ni ó ń so ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ mọ́ ní àràárọ̀ láti fẹ́ eruku kúrò lára ọjà. Gbogbo òwúrọ̀ tí mo fi jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò wúkọ́ rí.

"Èyí ni mo fẹ́."

Ariwo tí Gàníyù ta, wọ́n gbọ́ ọ ní abẹ́ bíríìjì Sángo. "Rárá! Màmá, ìyẹn kì í ṣe títà! Èyí tí èmi fúnra mi ń lò nìyẹn!"

"Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn," ni mo wí. "Èyí tí o fọkàn tán."

"Ó ti gbó! Ẹ wo àwọn tuntun níta!"

"Jẹ́ kí a dán an wò."

Jẹnẹrétọ̀ wa tan án lẹ́ẹ̀kan, kò lọ́ra. Mo fa òrùka kékeré tó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bí ó bá pọ̀ jù. Ó fọn, mo jù ú sílẹ̀, ó dákẹ́. Mo ṣí ojú ihò ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà jáde: omi díẹ̀, kò pupa. Mo pa omi ọṣẹ sí gbogbo ara rẹ̀, kò sí ìfófòó kankan. Mo ní kí a ti afẹ́fẹ́ mọ́ inú rẹ̀, kí gbogbo wa lọ kírun Àyìlà. Nígbà tí a padà dé, Ìyá Súkúrà tí ó jókòó tì í kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ọ̀pá gééjì sì wà níbi tí a fi í sí.

Ó ku ohun kan. Mo ní àgbá tí wọ́n lẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ padà sórí ọjà, kí wọ́n má bàa tún kùn ún fún ìyá ẹlòmíràn. Wẹ́dà kan ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà gé e sí méjì lójú Gàníyù. Inú rẹ̀ pupa bí ìyẹ̀pẹ̀ ojú ọ̀nà, ìpẹtà sì ń já wálẹ̀ lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Gàníyù dúró, ó wo bí Múlíkà ṣe ń fa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ayé gbọ́:

"Ẹ̀yin ará Ọ̀tà yìí! Ẹ̀yin ará Ọ̀tà, ẹ burú o! Ẹ̀ ń jẹ àlejò níyà!"

Ìyá Súkúrà ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó di ìhà mú. "Gàníyù! Ta ni ará Ọ̀tà? Ṣé kì í ṣe Ègùn ni mọ́?"

Mo yíjú padà. Mo kí i pé kí ó kú ọjà.

*

Àga àti tábìlì náà dé Ìjù kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀, ofeefee, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run, wọ́n ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Nígbà tí mo pe Àbẹ̀kẹ́, mo sọ fún un pé ará Ọ̀tà ni Gàníyù pè mí. Ó ní, "Ó bú yín lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn." Mo ní bóyá. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó fi yàrá mi gba ayálégbé.

Ìdajì àgbá tí wọ́n gé yẹn wà níwájú ilé wa ní Ojú Ọrẹ báyìí. Mo lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo bu erùpẹ̀ sí i, mo gbin ata wẹ́wẹ́. Ó ń so dáadáa; irin tó ń jẹrà dára fún ata ju bí ó ti dára fún afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ti pọ́n, mo máa ń ká díẹ̀ sínú ewé, mo sì máa ń gbé e lọ fún Gàníyù. Àlejò ni, kò ní ìyá nítòsí, ó yẹ kí a máa ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

Òwúrọ̀ kùtù ni mo máa ń lọ, kí ó tó ta ohunkóhun. Ó máa ń gbọ́ bàtà mi kí ó tó rí mi. Mo máa ń gbé ata náà lé e lọ́wọ́, mo máa ń béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo máa ń na ọwọ́ sí ẹ̀rọ kan, èyíkéyìí.

"Gàníyù, èló ni eléyìí?"